Mo Jẹ́rìí Pé N Kò Fara Pa, Ṣùgbọ́n Itan Mi Ti Dúdú

Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó pẹ́ jù. Tíṣà ni mí lágbègbè Ọ̀mù-Àrán. Epo ọkọ̀ wọ́n, ọkọ̀ èrò kò sí, ni mo bá jókòó sórí iṣu nínú píkọ́ọ̀pù tó ń bọ̀ láti Òrò-Àgò. Ó dojú dé. Apá àwọn kan ṣẹ́, èmi dìde, mo gbọn eruku nù... Lọ́jọ́ Ìsinmi wọ́n pè mí síwájú, mo sì jẹ́rìí pé irun orí mi kan kò bọ́. Gbogbo ìjọ jó. Ọkọ mi tó jẹ́ alàgbà sunkún ayọ̀. Bẹ́ẹ̀, itan mi ti wú lábẹ́ ìró, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nìkan ló mọ̀. Ní ìdájí ló ń fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, tó ń fi òrí wọ́ ọ títí omijé á fi bọ́ lójú mi. Á ní, "Ìyàwó, panu mọ́, ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní òpùrọ́ ni?"

Mo yọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Òrò. Ó ní iṣan kéékèèké ló já tí ẹ̀jẹ̀ fi dà sábẹ́ awọ, ara fúnra rẹ̀ ni yóò fà á padà díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí sí ti ewé, á yí sí ti ìyeyè. Kí n sinmi, kí n gbé ẹsẹ̀ ga, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ, kí abẹ má kàn án. Ó bi mí bóyá ẹnì kan ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Mo ní rárá... Kí ló dé tí mo ní rárá? Ó ní tó bá ń tóbi sí i, tó bá gbóná, kí n sáré padà.

Ó ti tóbi. Ó ti gbóná. Ẹ̀gbọ́n sì ti ránṣẹ́ pe bàbá tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ burúkú gbọ́dọ̀ jáde.

Tí mo bá padà lọ sí Òrò, wọ́n lè dá mi dúró sí ọsibítù, gbogbo ìlú á gbọ́. Tí n kò bá lọ ńkọ́? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi ni? Níbi àdúrà ìdílé lánàá, n kò lè kúnlẹ̀. Ọkọ mi lajú, ó wò mí, kò sì ṣe àmín. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?