Ọ̀bẹ Mẹ́sàn-án Tí O Fi Sọ́wọ́ Mi

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Ọjà Mùṣin,
Èkó.
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1956.

Abọ́dúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé rẹ ní Kùmásì. Mo ní ìrètí pé ara yín le, pé òjò ibẹ̀ kò sì dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní tiwa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Sìmíátù aya mi ń kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti ń fúyẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé o ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá. O ní ohun tí o kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni kí o gba àwọn ọ̀bẹ rẹ lọ́wọ́ mi, kí o sì mú ti Oyèníran lọ fún ìyá rẹ̀ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bẹ yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Fi sùúrù kà á dé ìparí kí o tó bínú sí mi.

Láti ìgbà tí o ti kó wọn fún mi ní 1946, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Bọ́mà dé, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀bẹ àpò mẹ́sàn-án ni, tí à ń ká irin wọn wọ inú èèkù. Mẹ́jọ ni o rà káàkiri ìlú tí ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé, o sì fi ṣónṣó irin kọ orúkọ ìlú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Ìkẹsàn-án ni ti Oyèníran, èyí tí òun fúnra rẹ̀ họ orúkọ rẹ̀ sí lára kí ikú tó mú un lọ́hùn-ún. Mo fi olúkúlùkù wọn sínú àpò awọ, mo kó wọn sínú àpótí páànù, mo tì í pa, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ìtọ́jú ni. Fún ọdún mẹ́wàá, n kò ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé ni mo ṣí i. Òórùn kan jáde bíi ti káńfọ̀ tó ti kan. Ọ̀bẹ tí o rà ní Bọ̀ḿbè, tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ike pupa bí ìyeyè, èèkù náà ti rún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Irin àwọn yòókù ti dógùn-ún, idẹ ara wọn ti yọ àwọ̀ ewé, òmíràn kò sì ṣe é ṣí mọ́. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

N kò ní parọ́ fún ọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni bí o kò ṣe ní mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di wọ́n sínú aṣọ, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yìngbò, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi òkúta oníkẹ̀kẹ́ pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn alápatà. Ó wò wọ́n, ó ní kí òun tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn yóò máa dán bíi tuntun. Ti Oyèníran ló kọ́kọ́ mú. Ó ti ń fẹsẹ̀ yí òkúta náà nígbà tí Àmúdàtù ọmọ mi dé.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí o rí i kẹ́yìn. Aránṣọ ni báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Yábàá. Ìyá rẹ̀ ló sọ ibi tí mo lọ fún un. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí ọkùnrin náà, ó sì rọra gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "bí òkúta yìí bá kàn án, ìpáàrà á lọ lóòótọ́, orúkọ náà á sì bá a lọ. Kí wá ni Bàbá Kùmásì fẹ́ gbé fún ìyá ẹni tó kú?"

Mo sọ fún un pé ojú ló ń tì mí.

"Ẹ jẹ́ kí ó tì yín díẹ̀, Bàbá. Kò síbòmíràn tí ọwọ́ Bàbá Oyèníran ti kọ orúkọ yẹn mọ́."

Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. Mo kó àwọn ọ̀bẹ náà, a jọ wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Ó tò wọ́n sórí tábìlì bí wọ́n ṣe wà nínú àpótí, ó sì fi hàn mí pé àwọn tó sún mọ́ ti Bọ̀ḿbè ló bàjẹ́ jù. Èyí tó jìnnà sí i, díẹ̀ ló ṣe é. Ó ní èémí tó ń jáde lára èèkù tó ń jẹrà yẹn ló jẹ àwọn yòókù, awọ sì tún ń fa ọ̀rinrin mọ́ wọn lára. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ló kọ́ Àmúdàtù lọ́gbọ́n yìí. Àwọn tó kó sínú àpò awọ nígbà kan dógùn-ún, ṣùgbọ́n àwọn tó fi òróró máṣíìnì pa, tó wé sínú aṣọ gbígbẹ, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni iṣẹ́ náà gbà. A rẹ wọ́n sínú kẹrosíìnì, ó fi ẹyọ igbálẹ̀ kan tu ìdọ̀tí inú oríkèé wọn, a sì ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a gbé ti Oyèníran síta lójú oòrùn. Lẹ́tà O ló kọ́kọ́ hàn, Y tẹ̀ lé e. O mọ̀ pé Oyèníran fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní lẹ́tà wọ̀nyẹn ní ibùdó. Mo sunkún, Abọ́dúndé.

Mẹ́jọ ló ń ṣí, tó sì ń pa dé dáadáa. Ihò wínníwínní wà lára wọn, kò ní lọ mọ́. Ti Bọ̀ḿbè kò ṣe é tún ṣe. A wé e sínú bébà, a yà á sọ́tọ̀ kí ó má baà ran àwọn yòókù. Kò sí èyí tó wà nínú awọ mọ́. Oṣooṣù la ó máa ṣí wọn, tí a ó máa nù wọ́n, tí a ó sì máa fi òróró díẹ̀ pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní Ọ̀yìngbò béèrè ilé wa títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Abẹ ìfárí bàbá rẹ̀ ló mú wá, ó ní kí Àmúdàtù bá òun wò ó. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá dé, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí kí o tó jókòó. Mo bímọ, ọ̀rẹ́ mi.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí Ó jẹ́ ká fojú rí ara wa nínú ìlera, kí Ó sì tẹ́ Oyèníran sí afẹ́fẹ́ ire.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí o fọkàn tán,
Yẹ̀kínnì Àkàngbé.

Àfikún: Bàbá Kùmásì, ẹ kú ilé o. Èmi Àmúdàtù ni mo ń kọ ọ́. Bàbá mi ń sọ, mo ń kọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a yọ ibi tí wọ́n ti yìn mí, kí a sì yọ ti Ọ̀yìngbò. Wọ́n ní kí n kọ méjèèjì, kí n sì kà á sókè kí àwọn gbọ́ bóyá mo fo nǹkan kan. Ohun tí wọn kò sọ fún yín ni pé àwọn nìkan ló nu ọ̀bẹ Bàbá Oyèníran láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé ọjọ́ kẹsàn-án. Wọn kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Títí di òní, òórùn kẹrosíìnì kò tíì kúrò ní ìka ọwọ́ wọn.