Ajá Tó Fa Bàbá Mi Lórí Yìnyín

Bàbá mi, bàbá tèmi nìkan,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa wò ó pé kí ló ṣe ọmọ yìí tó fi jókòó lọ́sàn-án gangan tó ń kọ̀wé sí òkú, nígbà tí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí ń yún mi lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó lè gbádùn rẹ̀ bíi tiyín.

Wọ́n fẹ́ gbé mi níyàwó, Bàbá. Múfú lorúkọ ọkọ, ará Erúwà ni, tíṣà ni bíi tèmi, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó parí. Ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn èèyàn wa, ìfẹ́ àwọn ọmọ lọ́tọ̀, ìwádìí àwọn àgbà lọ́tọ̀. Wọ́n rán èèyàn wá sí Ìgbó-Ọrà láti wádìí wa wò, bóyá a ní olè nílé, bóyá a ní adẹ́tẹ̀, bóyá a ní wèrè. Wọn ò rí olè. Wọn ò rí adẹ́tẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n rí.

Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá béèrè ilé wa lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, ilé Bàbá Alájá? Wọ́n dé Erúwà, wọ́n ní bàbá ìyàwó ló sọ nígbà ayé rẹ̀ pé ajá fa òun lórí omi dídì, pé irú orí bẹ́ẹ̀ kò pé, ó sì lè ran ọmọ. Múfú gun alùpùpù wá sọ fún mi. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bàbá Ràájì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń fọwọ́ sí gbogbo ìgbéyàwó ilé wọn, ní òun ò ní fẹ́ wèrè wọlé, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ wá fojú ara òun rí wa.

Mo bínú sí yín díẹ̀. Àwọn míì tó bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ bíi tiyín ti orí òkun dé, wọ́n gbé rédíò wálé, wọ́n sì dákẹ́. Kí ló dé tó jẹ́ ìtàn lẹ̀yin gbé wálé?

Bàbá Ràájì dé tòun ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọn ò fẹnu kan omi tí mo gbé fún wọn. Màmá wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń yan gàrí.

"Ọmọ mi, mi ò bá ìjà wá," Bàbá Ràájì ní. "Wọ́n ní bàbá rẹ ní ajá fa òun. Ṣé ara rẹ̀ dá nígbà tó sọ ọ́?"

Ká ní mo sọ pé ẹ kàn ń ṣàwàdà ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán níbẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

Mo ní alágbàfọ̀ lẹ jẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé àwọn olówó òyìnbó kiri ayé. Mo ní ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí ìlú kan lábẹ́ òkè tí yìnyín bò, ìlú tí àwọn èèyàn ti ya wọ̀ láyé ọjọ́un nítorí wúrà. Wúrà tán, àwọn ará ìlú wá sọ àwọn tó ń bá ọkọ̀ wá di wúrà. Mo ní ìyá òyìnbó arúgbó kan ló mú yín dání kí ẹ lè máa bá a gbé báàgì, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí gbogbo ohun tí ẹ rí.

Mo sọ bí wọ́n ṣe gbé àwo yanrìn fún àwọn òyìnbó kí wọ́n máa fi omi ṣàn án bí ẹni ń ṣa òkúta ìrẹsì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn onílé ti fi wúrà bíńtín sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Wọ́n sanwó kí wọ́n lè ṣiṣẹ́?" ni Bàbá Ràájì bi mí.

"Wọ́n sanwó, Bàbá. Wọ́n tún dúpẹ́."

Mo wá fi kún un pé nígbà tí ẹ padà délé, ẹ dìde nípàdé ìlú, ẹ ní ká ránṣẹ́ pe àwọn òyìnbó kí wọ́n wá máa sanwó bá wa bó ẹ̀gẹ́. Àbúrò rẹ̀ yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n kó wọn lọ wo sàárè gbájú-ẹ̀ kan tó lu àwọn awakùsà ní jìbìtì, tí wọ́n ṣí fìlà fún un, tí wọ́n ya fọ́tò, Bàbá Ràájì pariwo.

"Sàárè olè! Àwọn tá a ti sin dànù níbí ńkọ́!"

Ó wá ku ajá. Mo tú gèlè mi, mo fi lé orúnkún bí ẹ ti máa ń fi fìlà yín sí i tí ẹ bá ń sọ ọ́, kí atẹ́gùn má baà gbé e, mo di etí rẹ̀ mú bí okùn. Mo ní wọ́n so ọ̀pọ̀ ajá mọ́ ọkọ̀ pákó kan tí kò ní táyà kí wọ́n máa fà yín lọ lórí yìnyín, akọ ajá ńlá kan ló sì wà níwájú.

"Abo ni!" Ohùn kan ti inú èéfín ẹ̀yìnkùlé jáde. "Abo lèyí tó wà níwájú! Etí rẹ̀ kan sì gé. Bàbá rẹ ò pè é lákọ rí."

Màmá ni o! Màmá tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti wúkọ́ pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á pòṣé, á gbé àpótí rẹ̀, á sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wọlé tòun ti igbá tó fi ń ro gàrí lọ́wọ́, ó gba ìtàn lẹ́nu mi. Ó sọ bí itọ́ ẹnu ajá ṣe ń dì. Ó sọ bí ẹ ṣe ń ké pe Jésù, tí àwọn ajá rò pé ẹ ní kí wọ́n túbọ̀ sáré ni. Ó dé ibi tí ìyá òyìnbó ti dì mọ́ yín lọ́rùn, ó fajú ro, ó sì yára kọjá níbẹ̀.

Bàbá Ràájì wá ń bi í ní àwọn ohun tí mo ti sọ kó tó wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ló bára mu.

"Ọ̀rọ̀ ti tán," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣe wèrè títí ó fi kú. Tó bá jí láàárọ̀, á ní ẹyẹ lòun, tó bá dìrọ̀lẹ́, á ní ilé ìdáná lòun. Mi ò gbọ́ ohun kan náà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí. Ti ọkùnrin yìí, aya ń sọ ọ́, ọmọ ń sọ ọ́, kò yẹ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

Àbúrò rẹ̀ ń wúkọ́, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Múfú ò sọ ti wèrè yẹn fún wa o, Bàbá! Ó dìgbà tí mo bá délé ọkọ kí n tó wádìí tiwọn.

Ẹ̀yìn ààwẹ̀ ni ìgbéyàwó. Inú mi dùn débi pé mo sunkún sínú gèlè náà.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ń jọ gàrí, mo bi Màmá bóyá ó gba ìtàn ajá gbọ́. Ó ní òun ò gbà á gbọ́ rí, kò tiẹ̀ sí ọjọ́ kan. Mo ní báwo ló wá ṣe mọ̀ ọ́n tán. Ó ń jọ gàrí lọ, kò wojú mi. Ó ní fèrèsé pálọ̀ ṣí sí ẹ̀yìnkùlé, ohùn yín sì máa ń dùn jù láti ibẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ nìkan lòun ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò ohùn yín ń sọ.