Ìbọn Tó Tóbi Ju Ọwọ́ Àǹtí Sìdí Lọ

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò mi, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàámi àti orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Orí kápẹ́ẹ̀tì ilé àbúrò yín, Àǹtí Sìdí, ní Sharpstown nílùú Houston ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ sọ fún Fàrúùkù pé bí ó bá tún wọ bàtà mi, màá wọ ọkọ̀ òfúrufú wá gbá a létí, màá sì padà lọ́jọ́ kejì.

Ara mi le. Ooru ibí nìkan ló fẹ́ pa mí. Lánàá mo jókòó sórí àga kan níwájú ilé ìtajà, ìdí mi sì dún ṣàà bí àkàrà tó bọ́ sínú epo. Iṣẹ́ mi níbi tí wọ́n ti ń dín apá adìẹ ń lọ dáadáa. Gbogbo ara mi ló ń rùn bí adìẹ, ajá àdúgbò sì ti mú mi lọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò tíì pọ̀. Bí ẹ bá rìn ní títì ibí, ẹ ò ní rí ẹni kí, ọkọ̀ ló ń lọ ṣáá. Nígbà mìíràn, ajá yẹn ni mo máa ń kí ní Yorùbá kí ahọ́n mi má baà dípẹtà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo gbọ́ pé aláròyé kan ti sọ fún yín pé ìbọn ti wọ ilé tí mò ń gbé, ẹ ò sì sùn mọ́. Òótọ́ ni, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí, kí ẹ tó ní kí n máa bọ̀ nílé.

Ẹ mọ̀ pé Àǹtí ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti yege nínú ìwé òfin, wọ́n sì ti sáré títí wọ́n fi fi àwọn ọmọkùnrin onírun-láyà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìbọn yíyìn ló kù. Ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, kálukú ló ń ra ìbọn tirẹ̀, bó bá ṣáà ti wà lára èyí tí àwọn ọ̀gá fọwọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni èèyàn lè ṣe ìdánwò rẹ̀. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kejì, ilé yá nìyẹn, gbogbo làálàá rẹ̀ di òfo.

Ibẹ̀ ni ọkọ wọn, Àǹkù Wàsíù, ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àǹkù fẹ́ràn nǹkan ńlá. Tẹlifíṣọ̀n wọn bo fèrèsé. Ọkọ̀ wọn ga débi pé Àǹtí ń gùn ún bí ẹni ń gun igi àgbọn. Bàtà ilé ìwé tí wọ́n rà fún mi, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó ṣì ń gbálẹ̀ tẹ̀lé mi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ẹsẹ̀ mi á kún un. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, Màámi! Ibo ni ẹsẹ̀ yìí tún ń lọ?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn àsàlátù, Àǹkù kó àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn wálé láti bá wọn yan ìbọn, àfi bí ẹni fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí bí ọta ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Àwọn kan ní náìnì mílí, tí ọta rẹ̀ kéré. Àwọn kan ní fọ́tì-fáìfù, tí tirẹ̀ ki pọ́pọ́ bí àtàǹpàkò Bàámi. Àlàájì Kàmọ́rù, tó ń ta oògùn òyìnbó, ní fọ́tì-fáìfù ni, torí pé ẹran màlúù ni àwọn olè ibí ń jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, awọ ara wọn ti yi, ọta kékeré á kàn yún wọn lára ni. Ẹlòmíràn ní bí olè bá gbọ́ ìró náìnì mílí, á rò pé Àǹtí ló sín, á sì kí wọn ní pẹ̀lẹ́. Ẹ wò ó, nínú gbogbo wọn, Àlàájì nìkan ló ti di ìbọn mú rí, ìbọn olómi ọmọ rẹ̀ sì ni. Àǹtí, tó máa yìn ín gan-an, ń gbé ohun mímu kiri fún àwọn àlejò. Kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹkù lọ ra fọ́tì-fáìfù tó tóbi jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tiẹ̀ tún bèèrè èènì! Oníṣọ́ọ̀bù wo ojú wọn títí, ó wá fún wọn ní fìlà kan.

Àǹtí kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ọkọ wọn ló fìfẹ́ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọwọ́ àbúrò yín, ọwọ́ tó lè wọ inú agolo mílíìkì láìfara kan ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá di ìdí ìbọn náà mú dáadáa, ìka wọn kò dé ibi tí wọ́n ń fà. Bí ìka bá sì dé ibẹ̀, ìdí ìbọn á yẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bó bá wá dún, á ta wọ́n nípàá, ẹnu rẹ̀ á gbójú sókè bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀, kí wọ́n sì tó fà á wálẹ̀, àkókò ti lọ. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, gbogbo nǹkan ni ọta wọn bà, àfi ibi tí wọ́n ní kó bà. Wọ́n kùnà. Wọ́n délé, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Mo gbọ́ ẹkún wọn ní ilé ìwẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ṣí omi kó lè bo ohùn wọn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún Àǹkù. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe fẹ́ kọ ẹ̀bùn ọkọ àwọn, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n má dá a láṣà.

Mo dá a láṣà. Mo lọ bá Àǹkù, mo ní gbogbo ọkọ àwọn obìnrin yòókù tó ń kọ́ṣẹ́ ọlọ́pàá ló máa ń wá fi bí wọ́n ṣe ń yin ìbọn han ìyàwó wọn. Irọ́ gbuu! Àyà Àǹkù wú lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé la lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Bùbá funfun ọlọ́rùn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni Àǹkù wọ̀. Olùkọ́ ibẹ̀, bàbá arúgbó onírunmú kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Roy, ní kí wọ́n wá ẹ̀wù tó bo ọrùn. Àǹkù ní ìyẹn kò ṣe nǹkan. Wọ́n ya ẹsẹ̀, wọ́n fún ojú pọ̀, wọ́n yìn ín. Ìró yẹn, Màámi, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣàgámù nìkan ni ẹ ò gbọ́ ọ! Èèpo ọta tó ti jó, tó gbóná bí ẹyín iná, ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó sì wọ ọrùn bùbá lọ tààrà. Orúkọ ìyá wọn ni Àǹkù kọ́kọ́ pè. Ọ̀gbẹ́ni Roy ti gbá ọwọ́ wọn mú, ó ti gba ìbọn, kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Ijó náà kò ní orúkọ. A wá ojú ọta wọn lára èèyàn páálí tí wọ́n yìn ín sí, a ò rí i. Òrùlé ló wà.

Ọ̀gbẹ́ni Roy kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé náìnì mílí kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọwọ́ Àǹtí fún wọn. Ó ní èyí kì í ta èèyàn nípàá púpọ̀, ọta tó ń gbà sì pọ̀ ju ti fọ́tì-fáìfù lọ. Ó ní ọta ńlá tó lọ sórí òrùlé kò gba ẹnikẹ́ni là, àti pé gbogbo ọta tó bá jáde lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá náà ló ni ín títí dé ibi tó bá dúró sí, ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe ọmọ ọlọ́mọ. Àǹtí yìn ín, wọ́n tún un yìn. Nígbà tí wọ́n fa páálí náà wá, àtẹ́lẹwọ́ mi bo gbogbo ihò tó wà láyà rẹ̀.

Àǹkù di yìnyín mọ́ ikùn níbi tí èèpo ọta ti jó wọn. Wọ́n ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkàn àwọn ti ń sọ pé náìnì mílí ni. Àǹtí ní ẹ ṣeun, olówó orí mi. Mo bu ahọ́n mi jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín, débi pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ jáde.

Wọ́n ti fi fọ́tì-fáìfù pààrọ̀ náìnì mílí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fọkàn balẹ̀, inú àpótí irin ni ìbọn ń sùn. Àǹtí nìkan ló mọ nọ́ńbà rẹ̀, Àǹkù pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Èmi ò fọwọ́ kàn án rí, mo fi Kùránì búra.

Ìdánwò kejì bọ́ sí Jímọ̀. Èmi àti Àǹkù dúró sínú ọkọ̀ níta, Àǹkù ń fa tẹ̀súbáà bí ẹni ń fa okùn kànga. Àǹtí jáde, ojú wọn le koko. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yege! Àǹkù kígbe Àlàhù Àkúbárù níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, níwájú ọlọ́pàá tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Èmi àti Àǹtí jọ fọwọ́ dí wọn lẹ́nu ni!

Bá a ṣe ń lọ sílé ni Àlàájì Kàmọ́rù pe Àǹkù. Ó ní òun fẹ́ ra ìbọn tí ìyàwó òun máa fi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, pé èwo ni kí òun rà, ṣé fọ́tì-fáìfù náà ni. Àǹkù la ẹnu, wọ́n pa á dé, wọ́n gbé fóònù fún Àǹtí. Àǹtí bi Àlàájì pé ọwọ́ ta ló máa gbé e. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun ni. Àǹtí ní kó gbé fóònù fún ìyàwó rẹ̀.

Màámi, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ̀mí yín á gùn, ara Bàámi á le, ojú ò ní pọ́n yín títí tí màá fi dé. Ẹ bá mi kí ará ilé, ará ìta, àti ìyá oníbúrẹ́dì.

Èmi ni ọmọ yín tí kò lè ṣe kó má ṣàṣejù,
Rùkáyátù.