Òyìnbó Tó Wá Wo Ọwọ́ Iṣẹ́ Wa ní Ọjà Igbó

Ọjà Igbó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 1988.

Ṣùbòmí ọmọ mi,

Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi náà ni mo ṣe é, má wulẹ̀ bi ẹlòmíràn mọ́. Èmi Ìtẹ́olúwa, Ìtẹ́ Rédíò, tí gbogbo yín ní kò ní dáa láyé torí pé mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì ní girama. Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé tí òyìnbó yẹn bá fi lè fẹsẹ̀ tẹ ṣọ́ọ̀bù mi, ó parí nìyẹn? Mọ́kànlélọ́gọ́ta! Orúkọ èèyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òyìnbó gbé kúrò lọ́wọ́ mi lọ sí Ìbàdàn. Ṣé àwọn tó ka ìwé gboyè nínú ọ́fíìsì yín lè kó èèyàn mẹ́wàá jọ láàárín wákàtí kan? Kí wọ́n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Mo mà gbàgbé láti kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò pa ọ́ lára? Ìbàdàn ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o sùn? Wáyà ayé rẹ ò ní já. Bátìrì rẹ ò ní wú. Níbi tí wọ́n bá ti ń wá ohùn rẹ, ohùn rẹ á máa já geere, kò ní máa ṣe ṣì-ṣì-ṣì. Àmín. Mo mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín pé mo pè ọ́ lọ́mọ. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ọ́ lọ, mi ò sẹ́, a jọ jí mángòrò ká ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi Simon, bàbá tó bí ọ, ti lọ sinmi, ta ló tún kù tó lè kọ lẹ́tà bàbá sí ọ? Bàbá kékeré, bàbá ṣáà ni. Tó o bá fẹ́ fèsì, rántí kó o kọ “ẹ” sí mi, má kọ “o”.

Gbogbo ilé ń kí ọ. Ìyá àgbà rẹ, ìyá mi Dorcas, ń kí ọ, ó ní o ò tíì fi aṣọ funfun tó o ṣèlérí ránṣẹ́, èyí tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ti ń dà bí àwọ̀ tíì. Orúnkún rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Ọjà tèmi ń lọ dáadáa, torí láti ìgbà tí SAP ìjọba yìí ti dé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, kò sẹ́ni tó ń ra rédíò tuntun mọ́, gbogbo ayé ló ń gbé ti àtijọ́ bọ̀ wá bá mi kí n tún un ṣe.

Ó yá, jẹ́ n sọ bó ṣe lọ. O kọ̀wé sí mi pé ìjọba ń bẹ àwọn òyìnbó Jámánì kan kí wọ́n wá dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n á ti máa to rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, pé àwọn ìlú mìíràn náà ń fà wọ́n láṣọ, pé ohun tó ń ba òyìnbó lẹ́rù ni bóyá òun á rí àwọn tó mọwọ́ iṣẹ́ yẹn ní agbègbè wa. O ní ọ̀gá rẹ sọ pé tí wọ́n bá gbà, òun á fi ọ́ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí wọn ò bá gbà, kó o máa di ẹrù rẹ. O wá ní kí n ṣe nǹkan mẹ́ta: kí n gbá ṣọ́ọ̀bù, kí n pe àwọn tó ń tún rédíò ṣe jọ láti ibí títí dé Ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, kí n má sì sọ̀rọ̀ jù.

Mo gbá ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn tó ń tún rédíò ṣe yẹn, kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ẹni tó ń lọ fojú kan àna kì í mú ọkùnrin tó lẹ́wà jù ú lọ dání. Kì í ṣe pé wọ́n mọṣẹ́ jù mí o. Mo kàn ní kí ojú òyìnbó má pínyà.

Òyìnbó dé ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Mashood, dírẹ́bà ọ́fíìsì yín. Ọ̀gbẹ́ni Hámáànì lorúkọ rẹ̀, ó ga bí òpó iná, ó ní láti tẹrí ba kó tó wọlé, àwọn èèyàn rò pé èmi ló ń kí bẹ́ẹ̀. Mashood ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gẹ̀ẹ́sì o, ṣùgbọ́n mo ní kí Mashood náà ríṣẹ́ ṣe kí iyán tí mo gbé fún un lè tọ́ sí i.

Òyìnbó yọ fọ́ọ̀mù kan jáde, ó ní tó bá di pé àwọn fẹ́ ní ẹ̀ka kékeré sí ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ iwájú, àwọn fẹ́ mọ bí ìlú ṣe rí. Mo gbọ́ ọ yé. Bí wọ́n ṣe máa ń wádìí ilé ìyàwó náà nìyẹn. Ó ní iná ńkọ́, ṣé ó máa ń dúró? Mo ní kí Mashood kọ ọ́ pé iná wa kì í ṣe ìsáǹsá, ó máa ń jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìgbà tó lọ tí kò padà wálé. Ó ní tẹlifóònù ńkọ́? Mo ní ọ̀kan wà, mo sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oko ló máa ń wà, nítorí náà tí wọ́n bá fẹ́ fóònù wa láti Jámánì, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ká lè ránṣẹ́ lọ pè é. Ó ní ilẹ̀ ńkọ́, ṣé kò sí ìjà nínú rẹ̀? Mo ní kò sí rárá, àwọn méjèèjì tó ń jà á ti kú, àwọn ọmọ wọn nìkan ló ń bá a lọ. Mashood gbé báírò sílẹ̀, ó wò mí, ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn náà? Mo ní kọ ọ́, kí lò ń fi pa mọ́ fún àlejò?

Ibi tá a bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. O mọ ìlú wa. Láti ayé àwọn bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òyìnbó tó bá wọ̀lú, tí kì í bá ṣe pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, á jẹ́ dókítà. A ò mọ ẹ̀kẹta. Ìyábọ̀ tó ń ta búrẹ́dì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló rí báàgì dúdú lọ́wọ́ òyìnbó, ló bá figbe ta pé dókítà tuntun ti wà lọ́dọ̀ Ìtẹ́ o, ẹ sáré, ọ̀fẹ́ ni! Kí n tó yí ojú padà, ìlà ti gùn dé oríta. Ìyá mi ló ṣíwájú, ó ká aṣọ sókè, ó ti tú orúnkún sílẹ̀. Bàbá Joseph, díákónì àwọn Onítẹ̀bọmi, wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ikọ́. Àwọn olójú dídùn wá láti Sábó. Ràmọ́tà aláṣọ òkè náà wá pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, ó ní òun kàn fẹ́ kí dókítà gbọ́ bí ọmọ inú òun ṣe ń mí.

Òyìnbó na ọwọ́ sí ìyá mi kó bọ̀ ọ́, ìyá mi gbé orúnkún lé e lọ́wọ́. Ó yíjú sí Bàbá Joseph, ìyẹn yọ ahọ́n síta. Òyìnbó bi Mashood pé kí nìyí, Mashood ní iyán lẹ́nu, ó nawọ́ sí mi. Ló bá bi èmi fúnra mi pé ṣé gbogbo èèyàn wọ̀nyí ló ń fẹ́ iṣẹ́?

Ṣùbòmí, ìwọ ńkọ́, kí lò bá sọ? Mo rántí ọ̀gá rẹ. Mo rántí ẹrù tó ní kó o máa dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ojú rẹ̀ pọ́n fún ayọ̀ bí ata ṣọ̀ǹbọ̀! Ó ní ìlú mẹ́ta lòun ti dé, ìwé ni wọ́n ń fi han òun, kò sẹ́ni tó fi èèyàn han òun. Ó ní ká kọ orúkọ wọn àti ohun tí kálukú mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ni mo kọ ọ́, mi ò sì purọ́ kankan. Ti ìyá mi, mo kọ ọ́ pé ó ti wà nídìí rédíò láti 1959, kò sí bí rédíò ṣe lè dún tí kò ní mọ ohun tó ń ṣe é. Ti Bàbá Joseph, mo kọ ọ́ pé tí rédíò rẹ̀ bá dákẹ́, ó máa ń gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, á sì sọ̀rọ̀. Ràmọ́tà, tó ń rìn jẹ́jẹ́, ló kẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé èèyàn méjì ni, owó oṣù ẹnì kan ni wọ́n máa san. Òyìnbó bi mí pé kí ló dé tí ìyá fi ń fọwọ́ ra orúnkún, mo ní ìjókòó pípẹ́ ló fà á. Ṣé irọ́ ni?

Àná ni Mashood padà dé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n tẹ̀. Jámánì ti gbà! Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀, àwọn mọ́kànlélọ́gọ́ta yìí ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi kọ́ wọn, ibùsùn wà, oúnjẹ wà, ẹ̀wù búlúù wà, bọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá kó wọn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mashood ní ọ̀gá rẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní kí n tètè kọ̀wé sí ọ kí ọjọ́ Ajé tó pé, ó sì ń làágùn. Mi ò mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Mo ti là á yé àwọn èèyàn pé kì í ṣe ilé ìwòsàn, pé iṣẹ́ ni. Bàbá Joseph ní kò burú, tí ẹ̀wù búlúù yẹn bá ti ní àpò tó gba ìgò oògùn ikọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ọwọ́ tó ti ń bó ẹ̀gúsí láti ìgbà ọmọdé, kí ni wáyà tín-ín-rín fẹ́ fi ṣe é? Ó ti di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, bá mi sọ fún òyìnbó kó wá àga tó ní ẹ̀yìn, kó má kó wọn sókè àtẹ̀gùn, kó ra awò ojú fún àwọn ará Sábó, kó sì fi Ràmọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Fi owó díẹ̀ rán Mashood sí mi. Kì í ṣe fún ara mi o, bàtà ni. Kò yẹ kí ẹni tó mú Jámánì wọ Ìbàdàn máa wọ sílípáàsì kiri Ọjà Igbó. Tí ó bá kù, fi áyọ́ọ̀nù tá a fi ń jó wáyà kún un. Ọlọ́run á fi ọ́ múlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ tó fi ọ́ múlẹ̀. O ò ní di ẹrù àbámọ̀. Ibi tí Simon ò dé, ìwọ á dé e, wàá sì rántí mú wa dání.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìtẹ́olúwa.

Mo ti fọwọ́ sí i, mo ti lẹ àpòòwé pa, mo tún ṣí i. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe ségesège. Nígbà tá a kọ orúkọ Ràmọ́tà tán, òyìnbó yíjú sí mi, ó ní ìwọ náà ńkọ́, ṣé kí á kọ tìrẹ? Mo jókòó lórí àga tó dáa, mo ká ẹsẹ̀ lérí ẹsẹ̀, gbogbo ìlú ń wò mí. Mo ní kí Mashood sọ fún un pé onílé kì í tò sórí ìlà nínú ilé ara rẹ̀. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Òyìnbó náà pàtẹ́wọ́, ó pa ìwé dé.

Mo ti rò pé ó máa kọ mí sókè, níbi tí wọ́n ń kọ àwọn ọ̀gá sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí Mashood ka ìwé yẹn fún mi lánàá. Ìyá mi wà níbẹ̀. Bàbá Joseph wà níbẹ̀. Tèmi ò sí níbẹ̀, Ṣùbòmí. Àyè kékeré kan ṣẹ́ kù lábẹ́ orúkọ Ràmọ́tà, mo fi ìka wọ̀n ọ́n. Jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní wẹ́wẹ́, á gbà.