Kòkòrò Abẹ́ Òkúta Màámi

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí yín, ṣùgbọ́n mo ní kí n dúró kí ọ̀rọ̀ pé ná, nítorí mo mọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Ẹ kì í gbọ́ ìròyìn ààbọ̀. Tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí mo ní èsì ìdánwò wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, ẹ ó ní kí n lọ jẹun, tó bá jáde tán kí n wá sọ. Ó ti jáde tán báyìí, Màámi. Mo sì ti jẹun.

Ọ̀rọ̀ odò wa ni, odò ìsàlẹ̀ Igbein níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣan aṣọ àdìrẹ yín. Ṣé ẹ rántí òkúta yín? Òkúta pẹrẹsẹ tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó lé, kódà kẹ́ ẹ wà lọ́jà Ìtòkú lọ́jọ́ náà. Kẹ́ ẹ tó fọ aṣọ funfun tuntun lórí rẹ̀, ẹ ó ká ìró yín sí orúnkún, ẹ ó yí àwọn òkúta kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì máa gbá àwọn kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ wọn dànù kí wọ́n má baà gun aṣọ. Ẹ ó máa bá wọn wí bí ẹni ń bá ayálégbé tó kọ̀ tí kò kó jáde wí. "Ẹ̀yin aláìnítìjú yìí, ẹ tún ti dé." Èmi á dúró lẹ́yìn yín, mà á máa ṣa àwọn tẹ́ ẹ gbá dànù sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó sì gbá èmi náà lọ́wọ́.

Ayé aró ẹlú àti omi eérú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni aró alágolo dé, òun àti kọ́sítíìkì tẹ́ ẹ fi ń pò ó. Inú gbogbo yín dùn, mi ò sì dá yín lẹ́bi, nítorí aró tó ń gbà yín lọ́jọ́ púpọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń jinná kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn kòkòrò lọ. Ẹ yí òkúta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ ò rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbójú sókè, ẹ ní Alihamudulilahi, omi ti mọ́ wàyí. Gbogbo àwọn aláró tó wà lódò ṣe àmín. Èmi náà ṣe é.

Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ sí yunifásítì. Àwọn ẹgbẹ́ yín rò pé dókítà ni mo ń lọ dà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kòkòrò inú omi ni mo ń kọ́, wọ́n sọ yín ní Ìyá Oníkòkòrò, láti Ìtòkú títí dé Kútọ̀. Ẹ ò bínú. Ẹ dá wọn lóhùn pé ó sàn kẹ́ ẹ bí ẹni tó ń wo kòkòrò ju kẹ́ ẹ bí kòkòrò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwa méjèèjì nílé, ẹ rọra bi mí pé, "Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe gan-an?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ẹ ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí lédè Lárúbáwá, ẹ ní ó dáa. Mo mọ̀ pé kò tíì dáa létí yín. Ẹ sì lọ kí n tó rí ìdáhùn gidi mú wá fún yín.

Lẹ́ẹ̀rùn èṣí, wàhálà dé bá àwọn ẹgbẹ́ yín. Ìjọba àwọn sọ́jà yìí ò fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣeré rárá. Àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò lọ fẹjọ́ sùn pé omi ń rùn, pé ara ń yún àwọn ọmọ wọn. Ọ̀gá wolé-wolé kan wá, ó wo odò, ó wo ọwọ́ àwọn aláró tó dúdú dé ìgúnpá, ó ní kí gbogbo wọn kó kúrò létí omi. Màámi, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Omi ẹ̀rọ àdúgbò wa, ìgbà tó bá wù ú ló ń yọ. Ta ló fẹ́ máa fi omi korobá ṣan ẹ̀kọ lááfún tí wọ́n fi ya àwòrán kúrò lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ? Tí wọ́n bá fi lè lé wọn kúrò lódò, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ìyá Rísíkà, ọ̀rẹ́ yín tẹ́ ẹ fi òkúta yín sílẹ̀ fún, wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ń ṣe tíṣà. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ lo kàwé omi nínú wa. Lọ bá wa sọ fún wọn pé ọwọ́ wa mọ́." Mo wo ọwọ́ tí wọ́n nà sí mi, àwọn náà wò ó, a jọ bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ bi odò léèrè ná.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá gbọ́ irinṣẹ́ tí mo lò. Aṣọ asẹ́ tẹ́ ẹ fi ń sẹ́ ẹ̀kọ lááfún ni mo nà sáàárín igi méjì, mo sì gbé àwo tánganran funfun yín dání. Mo gòkè odò lọ, ó kọjá ibi tí àwọn aláró wà. Mo ri aṣọ náà sínú omi, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ da àwọn òkúta rú kí omi lè gbé ohun tó wà lábẹ́ wọn wọ inú aṣọ. Nígbà tí mo dà á sínú àwo, tí omi rẹ̀ tòrò, gbogbo inú àwo ń rìn. Àwọn pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ní ìrù mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn kan wà tó fi iyanrìn kọ́lé róbótó fún ara wọn, tí wọ́n ń gbé ilé náà kiri. Ọmọ lámilámi wà níbẹ̀, tí kò tíì níyẹ̀ẹ́. Àwọn aláìnítìjú yín ni, Màámi. Mo dá gbogbo wọn mọ̀.

Mo wá sọ̀kalẹ̀ sídìí òkúta yín, mo ṣe bákan náà. Aràn pupa tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ni mo rí, òun àti tanwíjí níbi tí omi ti dúró. Kò sí oníìrù mẹ́ta kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣàlàyé, bóyá yóò yé yín lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni pé kí n lọ wo onílù. Omi tí èèyàn bù sínú ìgò, bí odò ṣe rí lónìí nìkan ló lè sọ. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti ń gbé abẹ́ òkúta láti ìgbà òjò, gbogbo ohun tó gba odò kọjá ló ti mu. Àwọn oníìrù mẹ́ta yìí ò lè fara da omi tí nǹkan ti bàjẹ́, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ kú. Aràn pupa ní tirẹ̀ lè gbé inú ẹ̀gbin kó sì sanra. Láàárín ibi méjèèjì tí mo yẹ̀ wò, kò sí mẹkáníìkì, kò sí ilé, kò sí nǹkan kan àfi àwọn ìkòkò aró. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dúpẹ́ pé omi ti mọ́, odò ti ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, àwa sì ń ṣe àmín.

Mo jókòó lórí òkúta yín, ẹ forí jì mí. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló pọ̀n mí nígbà tẹ́ ẹ bá lọ tajà. Àwọn ló wẹ̀ yín, àwọn ló fi aṣọ funfun dì yín. Ṣé èmi ni mo máa wá sọ pé ọwọ́ wọn ò mọ́? Tí mo bá sì parọ́, ta ló máa mọ̀? Wolé-wolé ò mọ oníìrù mẹ́ta yàtọ̀ sí eṣinṣin. Mo bi yín léèrè létí omi, mo tún bi yín lórí ẹní ìrun, kí lẹ̀yin ìbá ṣe?  Mo wá rántí pé ẹ kì í ta aṣọ tí aró rẹ̀ máa ṣí fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ sọ fún un, ì báà jẹ́ àlejò tẹ́ ò ní fojú kàn mọ́ láyé.

Ni mo bá kó gbogbo wọn lọ sódò lọ́jọ́ tí wọn ò pa aṣọ láró. Mo fi àwo tòkè hàn wọ́n, mo fi tìsàlẹ̀ hàn wọ́n, mo sì là á mọ́lẹ̀ pé omi kọ́sítíìkì tí wọ́n ń dà nù ló fà á. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀kan ní, "Kòkòrò tí kò sí níbẹ̀ lo fi ń dá wa lẹ́jọ́? Àwa tá a dúpẹ́ pé ó lọ." Inú bí mi díẹ̀. Mo ní, "Tí oníbàárà ò bá yà ní ìsọ̀ yín mọ́, ṣé ẹ ó dúpẹ́ pé ìsọ̀ ti mọ́ tónítóní?"

 Ìyá Rísíkà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹnu ìyá ẹ lo fi sọ̀rọ̀ yẹn." Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti wọlé.

Mo lọ bá ọ̀gá wolé-wolé, mo sì sọ òótọ́ fún un lójú àwọn ìyá mi, pé àwọn aláró ló da odò rú. Mo ní kó má lé wọn síbẹ̀síbẹ̀. Kó fún wọn láyè kí òjò rọ̀ kó sì dá, kó wá padà wá wò ó bóyá kòkòrò ti dé. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Kòkòrò ni yóò wá dá ẹjọ́ yìí?" Mo ní àwọn náà ni, nítorí àwọn kì í gba rìbá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbà, ó ní ṣùgbọ́n tóun bá dé tóun ò rí nǹkan kan, kẹ́nikẹ́ni má bẹ òun.

Màámi, ẹ̀ bá rí àwọn ẹgbẹ́ yín. Wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá sókè, ó jìnnà sí omi dáadáa, wọ́n kó iyanrìn àti èédú sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ìdọ̀tí ìkòkò sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń da omi tí wọ́n fi kọ́kọ́ ṣan aṣọ sí kí aṣọ tó dé odò. Wọ́n kùn o. Wọ́n ní èmi ni mo sọ àwọn di alábàárù nígbà arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dọ́gbọ́n da tirẹ̀ sódò, Ìyá Rísíkà á kà á mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbé korobá rẹ̀ padà. Báyìí la ṣe títí òjò fi dá.

Ọ̀gá wolé-wolé pa dà wá lóòótọ́. Mo na aṣọ asẹ́ yín sí i, mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kó má baà sọ pé mo gbé kòkòrò wá láti ilé. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yín. Nígbà tó dà á sínú àwo, iyanrìn la rí, àti ewé jíjẹrà, àti aràn pupa.  Àwọn ìyá mi ti ń wo ilẹ̀. Omi inú àwo wá tòrò, ewé kan sì mira. Oníìrù mẹ́ta kan yọ lábẹ́ rẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ilé iyanrìn róbótó kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí àwo, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé òun ló ni ín.

Wọn ò tíì pọ̀ tó ti òkè odò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti rí ohun tóun fẹ́ rí, káwọn aláró máa bá iṣẹ́ wọn lọ, kí wọ́n má ṣáà fi kòtò sílẹ̀. Ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá béèrè pé, "Ọmọ ta tiẹ̀ nìyí?" Kí n tó lanu, Ìyá Rísíkà ti dá a lóhùn. "Ọmọ Ìyá Oníkòkòrò ni."

Wọn ò fi ṣẹ̀fẹ̀, Màámi. Wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ní Àlhájà. Orí mi wú, omijé sì bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn. Ojú ò tì mí.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo yà lódò. Ìyá Rísíkà ń fọ aṣọ funfun tuntun lórí òkúta yín. Oníìrù mẹ́ta kan ti gun aṣọ náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Mo dúró kí n rí bí wọ́n ṣe máa gbá a dànù. Wọ́n fi ìka tó dúdú fún aró yẹn rọra gbé e, wọ́n tẹ̀ba, wọ́n sì fi í sábẹ́ òkúta. "Aláìnítìjú," ni wọ́n wí, "wọlé."

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ni wọ́n ń fi kòkòrò ṣe. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe nìyẹn, Màámi.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín, kí odò ibẹ̀ sì ní òkúta pẹrẹsẹ kan tẹ́nikẹ́ni ò ní bá yín jókòó lé.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìyá Oníkòkòrò.