Bàbá Rẹ Ti Tún Bú Mi

Ẹdẹ, ẹ̀gbẹ́ téṣàn rélùwéè.

Olúmúyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àtijọ́, mo kí ọ kú ìfaradà àwọn ará Èkó. Ọlọ́run tó mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀ pẹ̀lú orí pípé. Ibi yìí ló yẹ kí n ti kọ ọ́ pé dáadáa ni gbogbo wa wà, ṣùgbọ́n mi ò ní kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló fẹ́ pa bàbá rẹ. Má fò sókè. Jókòó. Wọn kò kú. Akọ̀wé téṣàn ní kí n fi wáyà ránṣẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló lówó, kí n yọ ìkíni kúrò. Mo ní ìyá tí kò bá kí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà á rò pé òkú ló ń kọ̀wé. Mo sáré wá sílé láti ta èkùrọ́ tó kù nílẹ̀ ni, ọkọ̀ ọ̀sán ni mo máa bá padà sí ọsibítù, orí àpò ni mo ti ń kọ èyí, nítorí náà má wo bí ọwọ́ mi ṣe rí.

Àdá ló ṣá bàbá rẹ ní itan lóko Alájue, wọ́n fi ewé dí i, wọ́n ní kò ṣe nǹkan. Nígbà tí ẹsẹ̀ wú tí wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ní ọjà tó bá ti fẹ́ bàjẹ́, a kì í gbé e sórí àjà. Mo gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin, ó di ọsibítù àwọn òyìnbó.

Sàídì ni orúkọ ẹni tí ń bá dókítà tọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀, ọmọ Ìwó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Láràárọ̀ ni í ki igi dígí kékeré bọ bàbá rẹ lẹ́nu. Mo rò pé kí wọ́n lè dákẹ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí o mọ ẹnu bàbá rẹ. Á tún di ọrùn ọwọ́ wọn mú, á máa wo aago bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, mo ní háà, ẹni tó mọ iyì àkókò rèé. Lẹ́yìn náà á fa ìlà sára pátákó tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ti àwọn yòókù ń lọ gbọọrọ bí ọ̀nà Awo, ti bàbá rẹ ń gòkè lójoojúmọ́. Mo pe Sìmbíátù, tí ọkọ rẹ̀ wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, pé kó wá wo bí ọjà ọkọ mi ṣe ń gbówó lórí. Ó kí mi kú oríire. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé ooru ara ni ìlà yẹn, pé bó ṣe ń gòkè ni ewu ń pọ̀. Ẹni tó ya ìlà tí gígòkè rẹ̀ kò dára, kò tajà rí láyé rẹ̀.

Sàídì náà rí i pé ó ń gòkè. Ṣùgbọ́n bó bá ti bi bàbá rẹ pé ara ńkọ́, wọ́n á ní a dúpẹ́, ó ti ń mókun. Ta ni nínú wa tí í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń kú lọ? Sàídì á ní ó dára, dókítà á yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ Ajé.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó, kò sí àárọ̀ tí bàbá rẹ kì í bú mi. Oníkánjú ni orúkọ mi. Ẹ̀kọ mi gbóná jù, tàbí kó tutù jù, tàbí kí ewé rẹ̀ máa rùn. Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé ẹ̀kọ lọ, mo mọ̀ pé ó ti tutù, mo ti ń retí èébú. Bàbá rẹ wò mí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré, wọ́n ní, o ṣeun, aya mi rere, ẹ̀kọ yìí dára. Bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fẹnu kàn án.

Olúmúyìwá, abọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ wọn tutù bí ẹja, àyà wọn gbóná bí ààrò. Mo sáré bá Sàídì, mo ní ọkọ mi ń kú. Ó ní kí ló ṣe wọ́n. Mo ní wọ́n yin ẹ̀kọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Ìyá, ṣé ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yìn ló ń pariwo báyìí? Ó ní Bàbá fúnra wọn ló sọ láàárọ̀ pé a dúpẹ́. Mo ní ṣé ẹnu wọn lo ń tọ́jú ni àbí itan? Ó ní dókítà ń jẹun, ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń bọ̀. Mo ní, ikú náà ńkọ́, ṣé o ti sọ fún un pé ọjọ́ Ajé ni?

Agogo kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ń lé àwa tí a wá wo aláìsàn jáde. Mo gbá a mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Àwọn èèyàn kó abọ́ wọn, wọ́n ń jáde lọ. Sìmbíátù nìkan ló dúró tì mí, ó ní ẹ lù ú lọ, Ìyá. Mo lù ú títí dókítà òyìnbó fi yọ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Mo ní kí Sàídì ṣe ògbufọ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pé ọkọ mi tí ń bú mi lójoojúmọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí. Òyìnbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìlà, ó tẹ itan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, Sàídì sì sáré. Wọ́n la itan náà, ọyún tó jáde kún abọ́. Òyìnbó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ kí a tó pe òun, òkú ni òun ì bá bá.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mi ni kí n jókòó, ìwọ náà sì mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá rẹ lajú, wọ́n ní o ṣeun, mo sunkún. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún ọ, mo tún sunkún. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé wọ́n tọ́ ẹ̀kọ wò, wọ́n ní Oníkánjú, ṣé ẹrẹ̀ odò lo fi dá èyí ni? Mo jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Sàídì ń ké pé Ìyá, wọ́n ti bú yín o! Ní báyìí, aláìsàn nìkan kọ́ ló ń bi léèrè mọ́. Á yíjú sí ìyàwó tàbí ìyá, á ní ṣé bó ṣe máa ń ṣe nílé nìyí.

Owó ni mo fẹ́. Agogo kan kò tó fún ilé tó gùn tó yẹn. Mo ti ṣèlérí fún òyìnbó pé a ó ra ọ̀kan sí òpin kejì, ìwọ ni yóò sì san án. Fi owó ọṣẹ àti ti aṣọ tí a fi ń di itan kún un. Má retí ìparí oṣù.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́tà rẹ tó dé kẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O ní onílé rẹ jẹ́ èèyàn rere, oúnjẹ Èkó dùn mọ́ ọ, ọ̀gá rẹ kò ní wàhálà, kí n má ṣèyọnu. Ìwọ, ọmọ bàbá rẹ, tí o ti ń ráhùn láti orí ọmú? Kí ló ń ṣe ọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ara rẹ tutù, kí o gbó, kí o tọ́, kí o máa ráhùn títí ewú yóò fi bò ọ́ lórí. Ṣùgbọ́n bí èsì ìwé yìí bá dé tí kò bú ẹnikẹ́ni, èmi àti agogo ń bọ̀ ní Èkó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Comfort, Oníkánjú bàbá rẹ.