Ọ̀sẹ̀ Márùn-ún Adú, Ọjọ́ Mẹ́rin Tèmi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà
Adú, ọkọ mi, pè láti òkè òkun. Ó ti gba ìsinmi — ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko! Òfin àwọn ará Yúróòpù tó ń bá ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún nìyẹn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e, ló máa dé. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti rí i kẹ́yìn. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa fún ẹ?" Mo ní bátìrì fóònù mi ti ń tán. Irọ́ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin
Ọ̀gá Kíákíá — ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ra ilé iṣẹ́ fíríìjì wa rán wá — ní kí n kọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí àwọn ará Yúróòpù tó ni wá tẹ́lẹ̀ ṣe ń ṣe sí òṣìṣẹ́ àti bí tiwọn ṣe rí.
Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Nígbà Ọ̀gá Sùúrù, ará Yúróòpù tó jẹ́ ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó dá ẹnì kan dúró, wọ́n á pe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á tún jókòó, oṣù mẹ́ta á lọ. Ìsinmi ẹni ò ṣe é fọwọ́ kàn. Àmọ́ ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò lórí àga kan ṣoṣo. "Ó máa kàn ẹ́" ni orin wọn. Kíákíá dé, oṣù márùn-ún péré, ó wo iṣẹ́ mi, ó fi mí ṣe olórí ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Kò bèèrè ẹni tó ṣáájú mi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà
Mo fọ aṣọ ibùsùn. Kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá
Kíákíá yin ohun tí mo kọ. Ó wá na ìwé kan sí mi: kí Baba Wẹ́dà máa lọ, lónìí, ẹ̀rọ tuntun ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti ń jó irin fún wa! Mo ní ká pe ẹgbẹ́. Ó ní tàtijọ́ nìyẹn.
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé e fún baba. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. "Ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ lo jẹ́. Ó máa ya ìyàwó mi lẹ́nu o — kò rí mi nílé lọ́sàn-án rí." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá
Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì. Kíákíá ní ọjọ́ mẹ́rin, ìparí oṣù tó ń bọ̀. Adú á ti padà. Mo ní ọkọ mi ń bọ̀ wálé. Ó ní inú òun dùn fún mi. Ohun tó dùn mí ni pé òótọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ó dé! Ó ti rù. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ó ń bèèrè ibi tí òun máa gbé bàtà sí. Òun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kan pẹpẹ bàtà yẹn mọ́ ògiri! Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Aago méje, mo ti múra iṣẹ́. Adú ń ge búrẹ́dì ẹni méjì. Mo ní mò ń lọ. Kò bínú — ì bá sàn kó bínú. Ó kàn ń dá ìdajì padà sínú ọ̀rá.
Mo gbé báàgì sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Kíákíá lórí fóònù pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo gbà, ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Tíì ò tíì tutù tí èsì fi dé: "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì ránṣẹ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yín."
Mo fi han Adú. Ó kà á, ó fa àga fún mi. Mo jókòó tì í. A jẹun.